Ẹ̀mí Bátìrì, Ọjọ́ Orí Fóònù: Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Alágbèéká àti Ìgbà tí Ó Yẹ Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀

1. Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Àkòrí tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn. Ó lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ọ̀rọ̀ bátìrì fóònù ń wá láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ìdáhùn wa ni pé fóònù ti kúrò ní ohun afẹ́. Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ti ń di irinṣẹ́ fún tẹrú tọmọ. Inú rẹ̀ ni oníṣòwò ti ń gba owó, inú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé, òun náà sì ni ìyá arúgbó fi ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní London tàbí Houston. Bí ó bá kú ní ọ̀sán gangan, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin là sílẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Fóònù tí ó ṣe é gbára lé fún iṣẹ́ báńkì àti ẹ̀kọ́ sábà máa ń ju èyí lọ dáadáa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ fóònù ní ọdọọdún nígbà tí kò yẹ, owó ilé ìwé ọmọ tàbí owó oúnjẹ ni ó ń ná.

Ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Èkíní: kí ni ó ń mú kí bátìrì fóònù gbó, kí ni a sì lè ṣe kí ó lè pẹ́? Èkejì: báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ó tó àkókò láti pààrọ̀ fóònù fúnra rẹ̀? Èrò wa ni pé ìbéèrè méjèèjì yìí yàtọ̀ sí ara wọn. Dídà tí àwọn ènìyàn ń dà wọ́n pọ̀ ni ó ń mú kí wọ́n sọ ohun tí kò tíì kú nù, tí wọ́n sì tún ń di ohun tí ó léwu mú.

2. Ohun tí Ó Wà Nínú Bátìrì

Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ pa eèrà, a óò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú bátìrì. Irú èyí tí ó wà nínú fóònù òde òní ni bátìrì lítíọ́mù. M. Stanley Whittingham ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979. John B. Goodenough àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Oxford mú un lágbára sí i ní ọdún 1980, nígbà tí wọ́n fi àdàpọ̀ lítíọ́mù, kóbáàtì àti ọ́síjìn ṣe apá kan rẹ̀. Akira Yoshino, ọmọ ilẹ̀ Japan, sì ṣe èyí tí kò léwu púpọ̀ ní ọdún 1985. Ilé-iṣẹ́ Sony gbé e lọ sí ọjà ní ọdún 1991. Ní ọdún 2019, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ Kẹ́mísírì.

Apá méjì ni bátìrì náà ní. Apá kan jẹ́ gíráfáìtì, irú ohun dúdú tí ó wà nínú pẹ́ńsù ìkọ̀wé. Apá kejì ni àdàpọ̀ lítíọ́mù àti irin mìíràn tí a ti mẹ́nu bà. Omi kẹ́míkà kan wà láàárín wọn. Nígbà tí a bá fi fóònù sí iná, lítíọ́mù yóò gba inú omi náà kọjá, yóò lọ fara pamọ́ sínú gíráfáìtì. Nígbà tí a bá ń lo fóònù, yóò padà sí apá kejì, ìpadàbọ̀ yìí ni ó sì ń fún ẹ̀rọ ní agbára. Ẹ fi wé èrò ọjà tí ń ti ìlú kan lọ sí ìlú kejì ní òwúrọ̀, tí ó sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni ọjà ṣe ń kún tó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èrò ni ó ń padà délé. Láti ọjọ́ tí a bá ti kọ́kọ́ lo bátìrì ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti máa ń bo ojú gíráfáìtì. Awọ yìí wúlò, nítorí pé òun ni kò jẹ́ kí omi kẹ́míkà náà máa bá gíráfáìtì jà. Àmọ́ lára lítíọ́mù ni a ti ń rí ohun tí a fi ń ṣe é, ó sì ń nípọn sí i díẹ̀díẹ̀. Lítíọ́mù tí ó bá ti wọ inú awọ náà kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ohun tí a ń pè ní gbígbó bátìrì kò ju èyí lọ ní pàtàkì: èrò ọjà ń dín kù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọgbọ́n tí ó lè dá èyí dúró pátápátá. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni bí yóò ṣe yá tó.

3. Ohun Mẹ́ta tí Ó Ń Mú Bátìrì Gbó

(i) Ìlò. A máa ń ka ọjọ́ orí bátìrì ní ìgbà-ìgbà. Ìgbà kan ni àpapọ̀ ìlò tí ó tó bátìrì odindi kan. Bí a bá lo ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lónìí, tí a fi í sí iná, tí a sì lo ìdá 40 lọ́la, ìgbà kan ṣoṣo ni a kà. Ilé-iṣẹ́ Apple sọ pé àwọn iPhone rẹ̀ títí dé iPhone 14 ni a ṣe láti ṣẹ́ ìdá 80 nínú agbára wọn kù lẹ́yìn 500 ìgbà, àti pé ti iPhone 15 tó 1000 ìgbà. Ẹni tí ó bá ń lo bátìrì kan tán lóòjọ́ yóò dé 500 ìgbà kí ọdún kan àtààbọ̀ tó pé.

(ii) Ooru. Èyí ni ọ̀tá tí ó burú jù ní ilẹ̀ tiwa. Gbogbo ohun tí kẹ́míkà ń ṣe ni ooru máa ń mú yára, àti rere àti búburú. Bí a bá gbé bátìrì tí iná inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 kalẹ̀ fún ọdún kan níbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 25°C, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí ni pé yóò ṣì ní bí ìdá 96 nínú agbára rẹ̀. Bí ó bá kún dé ẹnu, tí ooru ibẹ̀ sì jẹ́ 40°C, nǹkan bí ìdá 65 ni yóò kù. Bátìrì méjèèjì yìí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Jíjókòó lásán ni wọ́n jókòó. Fóònù tí a gbé sí iwájú ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, tàbí tí a fi sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí ó ń gba iná lọ́wọ́, lè kọjá 40°C láìpẹ́.

(iii) Àkúnjù àti òfìfo. Bátìrì tí ó bá kún dé ìdá 100 wà nínú ìnira, nítorí pé agbára tí a fi tì í ga ju bí ó ti yẹ fún ìsinmi rẹ̀. Èyí tí ó bá gbẹ pátápátá tí a sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè má jí mọ́. Àárín gbùngbùn ni ara ti ń tù ú jù lọ. Bí ènìyàn ni ó rí: àjẹkì kò dára, ebi kò sì dára.

4. Àwọn Èrò tí Ó Yẹ Kí A Tún Yẹ̀ Wò

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn lónìí ti wá láti ayé bátìrì àtijọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ó yẹ kí a jẹ́ kí fóònù kú pátápátá kí a tó fi í sí iná. Òtítọ́ ni èyí fún bátìrì níkẹ́ẹ̀lì àti kádímíọ́mù, èyí tí ó máa ń dàbí ẹni pé ó gbàgbé agbára tí a kì í bá á lò. Lítíọ́mù kò ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Kí a máa pa á kú lójoojúmọ́, ṣe ni a ń mú un gbó.

Èkejì ni pé fóònù tuntun gbọ́dọ̀ wà lórí iná fún wákàtí mẹ́jọ kí a tó tàn án. Èyí pẹ̀lú kò ní ìpìlẹ̀ mọ́. Bí fóònù bá ti kún, ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ yóò dá iná dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé pípa gbogbo áàpù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ń fi iná pamọ́. Fóònù òde òní mọ bí ó ṣe ń mú àwọn áàpù tí a kò lò sùn. Bí a bá pa á tí a sì tún ṣí i, agbára tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń ju èyí tí a fi pamọ́ lọ. Ohun tí ó ń jẹ iná jù ni ojú fóònù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀, àti wíwá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìdí nìyí tí fóònù tí ó pẹ́ títí di alẹ́ ní Ìbàdàn fi lè kú ní ọ̀sán ní abúlé tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jìnnà sí: ṣe ni ó ń pariwo kí òpó náà lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

5. Ìtọ́jú Bátìrì Níbi tí Iná Kò Ti Dúró

Ìmọ̀ràn àwọn òyìnbó ni pé kí a jẹ́ kí iná inú bátìrì wà láàárín ìdá 20 sí ìdá 80. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ibi tí iná kì í ti í ṣẹ́jú ni ó ti rọrùn. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí iná yóò tún dé kò lè yọ fóònù rẹ̀ ní ìdá 80. Ó di dandan kí ó kún un. Nítorí náà, ó yẹ kí a to ìmọ̀ràn ní ipò-ipò, kí a mọ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù.

Ìmọ̀ràn kìíní ni kí a sá fún ooru. Èyí ṣe é ṣe fún olówó àti tálákà. Kí a gbé fóònù sí ibòòji àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti lè fẹ́ sí i nígbà tí ó bá ń gba iná. Kí a yọ àpò rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá gbóná. Kí a má fi í ṣeré tàbí wo fíìmù lórí iná. Bí ó bá gbóná jù, kí a pa á kí ó sinmi. Kí a má gbé e sínú fìríìjì, nítorí pé omi lè sẹ̀ sínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kejì ni kí ṣájà jẹ́ ojúlówó. Iṣẹ́ ṣájà ni láti gba iná tí ó tó 230 fólítì, kí ó sọ ọ́ di ìwọ̀nba tí fóònù lè gbà, bíi fólítì 5 tàbí 9. Iná tiwa a máa ga, a sì máa rẹlẹ̀ lójijì, pàápàá nígbà tí a bá ń ti orí jẹnẹrétọ̀ bọ́ sí iná ìjọba. Ṣájà gidi ni yóò fara gba ìyà yìí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ fóònù. Ayédèrú kò lè gbà á. Ẹni tí ó ra ṣájà pọ́ọ́kú sára fóònù ọ̀wọ́n dà bí ẹni tí ó kọ́ ilé alájà tí ó wá fi ewé bò ó.

Ìmọ̀ràn kẹta ni kí a lo àyè tí ó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú fóònù tuntun, bí irú iPhone 15 tí ó jáde ní ọdún 2023, ní àyè tí a fi lè sọ fún un pé kí ó dá iná dúró ní ìdá 80. Ẹni tí fóònù rẹ̀ máa ń wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì tí iná wà láti àárọ̀ di alẹ́ ni èyí wúlò fún jù.

Ìmọ̀ràn kẹrin ni fún ẹni tí ó fẹ́ tọ́jú fóònù sílẹ̀. Kí ó fi iná bí ìdàjì sínú rẹ̀, kí ó pa á, kí ó gbé e síbi tútù tí kò ní omi, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣooṣù.

6. Bátìrì Kú Kò Túmọ̀ sí Pé Fóònù Kú

Bí èèkù ọkọ́ bá ṣẹ́, àgbẹ̀ kì í ju irin ọkọ́ sígbó. Yóò gbẹ́ èèkù mìíràn sí i ni. Bátìrì ni èèkù fóònù. Ohun tí a rà tí a mọ̀ pé yóò gbó kí ìyókù tó gbó ni.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi èyí hàn gbangba. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Apple jẹ́wọ́ pé òun ti ń dín eré àwọn iPhone kan tí bátìrì wọn ti gbó kù. Àlàyé wọn ni pé bátìrì tí ó gbó kò lè gbé ẹrù tí ó wúwo lójijì, pé fóònù lè ṣàdédé kú nígbà tí iná ṣì kù nínú rẹ̀. Àlàyé náà bá ìmọ̀ mu. Ohun tí ó bí àwọn ènìyàn nínú ni pé a kò sọ fún wọn. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń falẹ̀ rò pé ọjọ́ ogbó ni, ó lọ ra òmíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé bátìrì tuntun ì bá ti dá eré rẹ̀ padà. Apple tọrọ àforíjì, ó sì dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí dọ́là 29 ní ọdún 2018. Ní ọdún 2020, ó gbà láti san owó tí ó lè tó 500 mílíọ̀nù dọ́là láti parí ẹjọ́ tí wọ́n pè é.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a tó dá fóònù lẹ́jọ́, kí a kọ́kọ́ yẹ bátìrì wò. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: iná a máa fò láti ìdá 30 bọ́ sí òfo, fóònù a máa kú lójijì bí a bá ṣí kámẹ́rà, kò ní lè dé ọ̀sán mọ́. Nínú iPhone àti àwọn fóònù mìíràn, a lè ka ìwọ̀n ìlera bátìrì níbi ètò rẹ̀. Bí ó bá ti rẹlẹ̀ ju ìdá 80 lọ, ó tó pààrọ̀.

Àmì kan wà tí kò gba ìdúró rárá. Bí ẹ̀yìn fóònù bá wú, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣí kúrò lára, gáàsì ti kún inú bátìrì. Kí a pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a má fi í sí iná mọ́, kí a má sì gún un tàbí tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ó lè gbiná. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Samsung kó Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà pátápátá nítorí àléébù bátìrì tí ó ń mú kí àwọn kan gbiná. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ni ti bátìrì ayédèrú tí a rà lójú títì?

7. Ìgbà tí Ó Yẹ Kí A Pààrọ̀ Fóònù

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le nìyí. Fóònù lè gbó ní ọ̀nà mẹ́ta. Bátìrì rẹ̀ lè gbó. A ti sọ oògùn èyí. Ara rẹ̀ lè gbó: ojú rẹ̀ lè fọ́, ihò tí a ń ki okùn iná bọ̀ lè bàjẹ́. Èyí náà ní oògùn lọ́wọ́ àwọn alátùn-únṣe, irú àwọn tí ó kún Computer Village ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà tí ojú kò rí: ètò inú rẹ̀ lè gbó.

Ojoojúmọ́ ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá ihò sínú ètò fóònù. Àwọn tí ó ṣe fóònù ni ó ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí ihò wọ̀nyí. Ọjọ́ tí wọ́n bá dẹ́kun àtúnṣe, fóònù náà yóò ṣì máa tàn, ojú rẹ̀ yóò sì máa dán, ṣùgbọ́n ó ti di ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn. Bí a bá ń fi irú fóònù bẹ́ẹ̀ tẹ́tí sí rédíò nìkan, kò burú. Bí ó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ ni owó wa wà, ewu ńlá ni. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn áàpù náà yóò sì máa kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2025, WhatsApp dẹ́kun ṣíṣe iṣẹ́ lórí iPhone 5s àti iPhone 6.

Nítorí èyí, ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ra fóònù, ìbáà jẹ́ tuntun tàbí tòkunbọ̀, kì í ṣe iye kámẹ́rà tí ó ní. Kí a béèrè pé ọdún mélòó ni àtúnṣe rẹ̀ kù. Google ṣe ìlérí ọdún méje fún Pixel 8 ní ọdún 2023, Samsung sì ṣe bákan náà fún Galaxy S24 ní ọdún 2024. Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í sábà rí tó bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 sọ pé bátìrì fóònù tuntun gbọ́dọ̀ ní ìdá 80 nínú agbára rẹ̀ lẹ́yìn 800 ìgbà, ó kéré tán. Ó tún sọ pé àtúnṣe ètò gbọ́dọ̀ máa wá fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá dẹ́kun títa irú fóònù náà. Bí a bá mọ èyí, a óò lè yan tòkunbọ̀ pẹ̀lú làákàyè.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní bátìrì tuntun àti owó iṣẹ́ jẹ́ 30,000 náírà, tí àtúnṣe fóònù náà sì ku ọdún méjì. Owó ọdún kan jẹ́ 15,000 náírà. Ká ní fóònù mìíràn jẹ́ 240,000 náírà, tí a óò sì lò ó fún ọdún mẹ́rin. Owó ọdún kan jẹ́ 60,000 náírà. Títún un ṣe ni ó bójú mu. Ṣùgbọ́n bí àtúnṣe bá ti tán, tí ojú fóònù sì tún fọ́, tí owó àtúnṣe gbogbo rẹ̀ wá ń sún mọ́ ìdajì owó fóònù mìíràn, kí a má fi owó dídára lé èyí tí ó ti sọnù. Ó tó àkókò.

8. Ibi tí Fóònù Àtijọ́ Ń Lọ

Fóònù tí a jù nù kò parẹ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, pàǹtírí ẹ̀rọ oníná ní gbogbo ayé tó 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, àti pé ohun tí a kó jọ tí a sì tún lò bí ó ti yẹ, tí àkọsílẹ̀ wà fún, kò tó ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Apá kan nínú ìyókù ń jóná lórí ààtàn. Èéfín rẹ̀ sì ń wọ imú àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣa bàbà níbẹ̀. Ní ìdàkejì, ju ìdajì kóbáàtì ayé lọ ni ó ń ti ilẹ̀ Kóńgò wá, níbi tí àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí ń fi ọwọ́ lásán wà á. Nínú gbogbo ìdọ̀tí tí fóònù kan ń dá sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ ní ìgbésí ayé rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù ni ti ìgbà tí a ń ṣe é. Ọdún kan tí a bá fi kún ọjọ́ orí fóònù jẹ́ ọdún kan tí a kò fi ṣe òmíràn. Bí ó bá sì di dandan kí a jù ú nù, kí a má jù ú sínú ìdọ̀tí ilé, kí a má sì sun ún. Kí a gbé e fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ mọ́ ọn.

9. Ìkádìí

Ohun tí a ti gbìyànjú láti sọ ni pé bátìrì ń gbó nítorí pé lítíọ́mù inú rẹ̀ ń dín kù. Pé ooru ni ó ń yára mú un gbó jù ní ilẹ̀ wa. Pé bátìrì tí ó gbó kì í ṣe ìdí láti sọ fóònù nù. Àti pé opin àtúnṣe ètò ni ọjọ́ ikú gidi fún fóònù tí a fi ń ṣe iṣẹ́ owó. Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn tí ó ń ta fóònù fẹ́ kí a máa tijú àkísà. Ṣùgbọ́n àkísà jẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn mọ ohun ìní tọ́jú. Iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé ni láti jẹ́ kí ará ìlú mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó ti gbó àti ohun tí ó ti kú, kí ìpinnu wọn lè ti inú ìmọ̀ wá, kí ó má ti inú ìpolówó ọjà wá.